Iṣẹ́ ìwé àtijọ́: kì í ṣe Ìbàdàn nìkan

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp láàárín ọmọ Yorùbá l'Ábújá pé ẹni tó kàwé ìtàn, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní àkáífù ìjọba, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba àtijọ́ sí, àfi kó lọ sí Ìbàdàn. Irọ́ ni. Ọ́fíìsì àkáífù náà wà ní Kàdúná àti Enugu pẹ̀lú. Kódà, Kàdúná ni púpọ̀ nínú ìwé ìjọba amúnisìn lórí Ìlọrin wà, torí abẹ́ Àríwá ni wọ́n kà á sí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè "Ilorprof", orúkọ tí wọ́n ń pe àkójọ fáìlì Ìlọrin yẹn.

Digírí nìkan kò tó o. Ẹ kọ́ títo fáìlì: ẹ má tún un tò bó ṣe wù yín, bí ọ́fíìsì tó ni ín ṣe tò ó ni kó wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò ní mọ ìwé tó ń dá èwo lóhùn mọ́. Ẹ rọra yọ pín-ìn-nì onírin tí wọ́n fi so ìwé pọ̀. Ó ń dípẹtà sára ìwé.