"Oòrùn ti mọ́ wa lára"

Bí ẹ bá bá àwọn tó ń kọ ebè ní Òkè-Ògùn lọ́sàn-án gangan nínú oṣù kẹta, tí ẹ ní kí wọ́n wá sinmi lábẹ́ igi, èsì wọn ò ju èyí lọ: "Oòrùn wo? Ó ti mọ́ wa lára." Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀, ohun tó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn.

Lóòótọ́ ni ara ń kọ́ ooru. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ á tètè máa làágùn, iyọ̀ inú òógùn rẹ̀ á dín kù, àyà rẹ̀ ò sì ní máa lù kìkì bíi ti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ara tó kọ́ ọ náà ló ń gbàgbé. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ti di àlejò oòrùn padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ooru ń pa fi ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. María Isabel Vásquez Jiménez, ọmọ ọdún 17 láti Mẹ́síkò, ṣubú nínú oko àjàrà ní California lọ́dún 2008, ó sì kú. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Àwọn tó ń gé ìrèké ní Nicaragua àti El Salvador ńkọ́? Inú oòrùn ni wọ́n bí wọn sí. Síbẹ̀ kíndìnrín ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ ti bàjẹ́, láìsí ìtọ̀ ṣúgà, láìsí ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ àṣekára nínú ooru láìsí omi àti ìsinmi tó tó wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ń tọ́ka sí jù.

Bó ti wù kó mọ́ni lára tó, òógùn tó bá gbẹ lára nìkan ló ń tu ara. Nígbà tí ooru bá mú lẹ́yìn òjò, tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ; ṣe ló kàn ń ro sílẹ̀.

"Ó ṣì ń làágùn, kò sóhun tó ṣe é." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹni tí ooru ti wọ̀ lọ́pọlọ ṣì lè máa làágùn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá bára mu mọ́, tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ẹ má fi ògógóró tàbí ayé kẹ́wọ́. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan sì wá mọ́tò tó máa gbé e lọ ọsibítù. Bí kò bá mọra, ẹ má bu omi sí i lẹ́nu.

Àwọn bàbá wa máa ń jí lọ oko, wọ́n á wọ ahéré bí oòrùn bá kanrí, wọ́n á padà síṣẹ́ nígbà tó bá rọlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iye ebè tá à ń kà sanwó ni kò jẹ́ kí lébìrà òde òní lè sinmi. Bí 200 ebè bá jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tuntun kọ 40 lọ́jọ́ kìíní, kó máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 20 síra, kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Kí owó òòjọ́ rẹ̀ sì pé.