Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mọ Barbara Jordan

Ìròyìn kan tí mo kà nípa Barbara Jordan, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣe aṣòfin ní Amẹ́ríkà, dára, àmọ́ ó sáré kọjá lórí ìbò ilé aṣojú Texas ti 1962 àti 1964 tó ti fìdí rẹmi, bí ẹni pé aráàlú ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Rárá o. Lọ́yà ni nígbà yẹn, ọmọ àdúgbò Fifth Ward ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ètò ìdìbò ló há a: gbogbo Harris County, ìyẹn àgbègbè tí Houston wà, pátá ló ń dìbò fún àga kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, bí gbogbo aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ dìbò fún un, ìbò àwọn aláwọ̀ funfun á bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1964 pé iye èèyàn ẹkùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni Texas tún ẹkùn pín. Ẹkùn tuntun ló gbé e wọlé aṣòfin àgbà Texas ní 1966. 1972 ló wọlé sí ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Washington.

Ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1974 lórí bóyá kí wọ́n yọ Ààrẹ Nixon nípò ni gbogbo ayé ń gbé kiri, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ 1975 ló wù mí jù. Ó wà lára àwọn tó mú kí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè Spéènì. Látìgbà náà, Texas ò lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan tẹ ìwé ìdìbò mọ́. Kódà, títí di 2013, kí wọ́n tó gbé ibùdó ìdìbò kúrò ní ilé ìwé kan lọ sí òmíràn, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbàṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Washington.