Dry contact kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ kàn láìpa iná

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwa oníṣẹ́ iná n'Íbàdàn, pé kò síná lójú dry contact (irú ojú switch kan tí a ń so wáyà mọ́), pé a lè fọwọ́ kàn án láìpa iná. Irọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́. Àwọn ọmọọṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Òótọ́ ni pé dry contact kì í pèsè iná fúnra rẹ̀. Ó kàn ń so wáyà méjì pọ̀ ni, tàbí kó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n iná yòówù tí a bá gbà inú rẹ̀ kọjá ló máa wà níbẹ̀. Ẹ wo float switch inú tánkì omi, ìyẹn switch tó ń léfòó, tó ń tan pọ́ǹpù tàbí pa á bí omi bá ṣe pọ̀ tó: dry contact ni. Bí iná 230V tó ń lọ sí pọ́ǹpù bá gba inú rẹ̀, wáyà kan á ṣì ní iná lára, kódà nígbà tí pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́. Ó lè pààyàn.

Wet contact ní tirẹ̀ máa ń gbé iná jáde. Bí ẹ bá fà á lọ síbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń retí dry contact láti mọ ìgbà tó yẹ kó tan, ó lè jó bọ́ọ̀dù jẹnẹrétọ̀ náà.

Ẹ pa iná láti orísun, kí ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.