Èèyàn Laṣọ Mi

"Èèyàn laṣọ mi" ni àwọn àgbà máa ń wí nígbà tí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn tí wọ́n sì rí ẹbí àti ojúlùmọ̀ tó pé jọ nítorí tiwọn. Aṣọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ń wá kiri lórí fóònù nílùú Ilé-Ifẹ̀, láti Sábó títí dé àdúgbò Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn: wọ́n fẹ́ kí àwọn ojúgbà wọn mọ̀ wọ́n. Ó ṣeni láàánú pé ẹni tó ń wá èèyàn fi ṣe aṣọ ni wọ́n ń ní kó kọ́kọ́ bọ́ èyí tó wà lára rẹ̀, kó ya àwòrán ìhòòhò, kó fi ránṣẹ́.

Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un á ní òun nìkan lòun máa wò ó. Lóòótọ́, láti ọdún 2021 ni WhatsApp ti ní àwòrán àwòlẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tó gbà á kò lè ṣí wò lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí wọ́n má fi fóònù kejì yà á. Kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun ìfọ́nnu láàárín àwọn ọmọkùnrin kíláàsì. (Àwọn ọmọkùnrin pàápàá kò yọ sílẹ̀: àwọn oníjìbìtì ń díbọ́n bí ọmọbìnrin, wọ́n á gba àwòrán wọn, wọ́n á sì máa fi halẹ̀ mọ́ wọn láti gbowó.) Òkìkí tí ọmọ ń wá ti dé, ṣùgbọ́n òkìkí tí kò jẹ́ kó sùn ni, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́, orí ń fọ́ ọ ní gbogbo àárọ̀ iléèwé, bí fóònù bá sì dún, àyà rẹ̀ a já.

Lójú tèmi, ohun tí àwa òbí ń ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. A ó gba fóònù, a ó na ọmọ, a ó sì bi í bóyá ó fẹ́ ba orúkọ ilé jẹ́. Ọmọ tí ayé ti bọ́ láṣọ, àwa la tún ń fa àkísà tó kù lára rẹ̀ ya, a sì gbàgbé pé ọwọ́ tí a fi bá ọmọ wí ní ìkejì tí a fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tó pín àwòrán ló yẹ ká lé: òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà lè rán ẹni tó bá pín àwòrán ìṣekúṣe ọmọ tí kò tó ọdún 18 lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ pa àtẹ̀jíṣẹ́ ìhalẹ̀ rẹ́, ẹ má sì san owó kankan.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣeé ṣe, ọmọ ní láti lè wọlé lálẹ́ kó ní, "Màámi, mo ti ṣe nǹkan kan," kí ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, "Jókòó tì mí, ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"