Gbogbo Wa Ti Di Ará Lẹ́kkí

Kò sẹ́ni tó ń gbé Bàrígà mọ́ l'Ékòó, ẹ lọ béèrè. Àkókà ni gbogbo wọn wà, tòsí Yunilag. Ẹni tó wà ní Pẹ́drò á ní Gbàgádà lòun ń gbé, ará Itire ti di ará Sùúrùlérè látọjọ́ tó ti ń wá ìyàwó, Agége kan sì wà báyìí tí wọ́n ń pè ní Ìkẹjà Extension, extension tó gùn débi pé ó fẹ́ẹ̀ kan Ọ̀tà.

Àmọ́ àwọn ejẹ́ńtì lọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí o. Ẹ pè wọ́n pé ilé lẹ ń wá ní Ṣàngótẹ̀dó, wọ́n á ní "ah, bọ̀ọ̀dá, Lẹ́kkí là ń pè é báyìí". Ajah, Lẹ́kkí. Abraham Adesanya, Lẹ́kkí. Awóyayà, Lẹ́kkí náà ni, ẹ ṣáà gbé owó wá. Bẹ́ẹ̀ Lẹ́kkí gangan, ìlú tó ti ń jẹ́ Lẹ́kkí kí wọ́n tó bí ejẹ́ńtì kankan, Ìbẹ́jú ló wà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ á rìn títí kó tó débẹ̀. Ará Lẹ́kkí gangan wá di ẹni tó ń gbé ibi tó jìnnà sí Lẹ́kkí.

Ti Màrókò, àdúgbò tálákà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island (V.I.) l'Ékòó nígbà kan, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún. Ní July 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki, gómìnà Èkó nígbà náà, kó katakata wọbẹ̀, wọ́n wó gbogbo ẹ̀ palẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n ní wọ́n tó bíi 300,000 di aláìnílé. Ẹ̀sùn wọn ni pé ibẹ̀ dọ̀tí, pé omi máa gbé e lọ. Ó yá, ilẹ̀ kan náà di Ọnírù àti V.I. Extension, omi ò yéé yalé níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀, owó ilé ló kàn di ohun tí ò ṣeé gbọ́ sétí. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sí Ìlasan, ẹ sì wò ó, Ìlasan náà ti di Lẹ́kkí! Ìyá tí wọ́n lé torí ìdọ̀tí ti di ará Lẹ́kkí láì kúrò nídìí ìkòkò ẹ̀bà ẹ̀.

Yábà ńkọ́? Yabacon Valley ni wọ́n sọ ọ́ dà, bíi Silicon Valley àwọn oníkọ̀ǹpútà l'Amẹ́ríkà, ọmọ kọ̀ǹpútà ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ owó lókè, olókìríkà ń pariwo "bend down select" nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń bá àwọn méjèèjì fa ohùn.

Inú ẹ̀síteètì wa ò sì yàtọ̀. Gardens ló ń jẹ́, ẹ ò ní rí òdòdó kan níbẹ̀. Géètì wà, kóòdù wà, àlejò ò lè wọlé láìfi nọ́ńbà ránṣẹ́. Àmọ́ kí tírélà yanrìn kan péré yọjú báyìí, àwọn ọmọ onílẹ̀ ti dé, kóòdù ò sí fún tiwọn: owó fáńdéṣọ̀n, owó dẹ́kìn, owó rúùfù. Tó bá di Sátidé, alága tó fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ sí pátì ní títì ló máa kọ́kọ́ ta kánópì, torí ìyá ẹ̀ pé àádọ́rin, DJ á sì máa kí "gbogbo ará Lẹ́kkí". Mo jókòó jẹ ìrẹsì mi, èmi náà ṣáà jẹ́ ará Lẹ́kkí.

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀yin ará Mọ́wé. Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ wà lóòótọ́, àmọ́ mo gbọ́ tí ejẹ́ńtì kan ń dárúkọ yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ tètè san owó ilé kí Lẹ́kkí tó dé bá yín.