Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Nígbà tí àwọn àgbà bá sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó múra lọ sí òde ni pé, ṣé tirẹ̀ ni ohun tó wọ̀ yìí? Mo fẹ́ kí àwa ará Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, fi òwe yìí wo bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ń bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lò, nítorí ìwà tí ìjọba bá ń hù sí ará ilé kì í pẹ́ hàn ní òde.

Ẹ rántí ọdún 1998. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni Ahmad Tejan Kabbah, ààrẹ tí àwọn ará Sierra Leone dìbò yàn, padà sí ipò tí àwọn ológun ti lé e kúrò ní ọdún tó ṣáájú; àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Nàìjíríà jẹ́ aṣíwájú wọn, ló sì gba Freetown padà fún un. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn ọmọ wa kú níbẹ̀, n kò sì ní fojú kéré ẹ̀jẹ̀ wọn láé. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn gan-an, Olóyè MKO Abíọ́lá, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dìbò fún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, wà ní àtìmọ́lé lábẹ́ Ọ̀gágun Sani Abacha kan náà tó rán àwọn ọmọ ogun lọ. Ẹ̀ṣọ́ tí kò sí nílé ni a gbé ròde. Àjọ Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, tó ti dá wa dúró láti oṣù Kọkànlá ọdún 1995 lẹ́yìn tí ìjọba yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ará Ògóni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, kò tìtorí ìṣẹ́gun Freetown gbà wá padà. Ìgbà tí ìjọba alágbádá dé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni wọ́n tó gbà wá.

Lónìí, abala karùn-ún ìwé òfin 1999 sọ pé ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà ní ilẹ̀ òkèèrè láìgba àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, àyàfi bí ewu bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ààbò orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, Ààrẹ Tinubu kọ̀wé sí àwọn aṣòfin náà nípa rírán ọmọ ogun lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ECOWAS fi ìjíròrò yanjú rẹ̀. Ogun kò ṣẹlẹ̀. Ní tèmi, lẹ́tà yẹn àti èsì rẹ̀ fi hàn pé ìjọba tiwa-n-tiwa ṣì ń mí, ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí a ń sọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ.

Sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ni Ìwọ̀-Oòrùn Kogí ní, ohùn rẹ̀ sì wà lára èyí tí yóò pinnu bóyá ọmọ Yàgbà tàbí ọmọ Ìjùmú tó wà nínú iṣẹ́ ológun yóò lọ jà ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tó bá fi owó ra ìbò wa kò ní rí ìdí tí yóò fi gbọ́ tiwa ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn olùdíje bá tún dé, ẹ bi wọ́n nípa ọ̀nà àti omi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi wọ́n pé, bí ààrẹ bá kọ lẹ́tà ogun ránṣẹ́, kí ni wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ṣé wọn yóò sì padà wá gbọ́ èrò wa ná?