Kí Fádà Borghero tó dé Èkó

Ọ̀rọ̀ kan ń káàkiri pé àwọn fádà òyìnbó ló dá ìjọ Àgùdà sílẹ̀ l'Ékòó, pé ilé ìjọsìn Holy Cross tó wà ní àdúgbò Catholic Mission lónìí ni wọ́n parí ní 1881, àti pé Kádínà Okogie ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó. Kò sí òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí Fádà Borghero ti SMA (ẹgbẹ́ àwọn fádà tó ń wàásù ní Áfíríkà) dé ní 1863, ìjọ ló bá. Àwọn tó ti Brazil padà wálé ti ń gbàdúrà pọ̀ lábẹ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Ẹrú tó gbòmìnira ni, kì í ṣe àlùfáà: ó ń ri ọmọ bọmi, ó ń darí àdúrà, ṣùgbọ́n kò lè ṣe Máàsì. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní 1868, ni àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fìdí kalẹ̀.

Ti ilé yẹn ńkọ́? Ti 1881 wà lóòótọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti Brazil padà wálé, bíi Lazaro Borges da Silva, ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń rí lónìí, 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1939 ló parí.

Taylor, òyìnbó láti ẹgbẹ́ SMA, ló kọ́kọ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó ní 1950. Aggey, aláwọ̀ dúdú, tẹ̀ lé e ní 1965. Okogie gorí oyè ní 1973, ó sì lo ọdún 39. Bóyá ìyẹn ló mú kí wọ́n gbàgbé Aggey.